Ọkọ̀ dúdú, ìlà wẹ́wẹ́ lára ọ̀dà: báwo la ṣe ń fọ ọkọ̀ nílé láì ha á?

AdúmáadánBódìjà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ra Corolla tòkunbọ̀ kan ní ìparí ọdún tó kọjá, dúdú ni. Tó bá wà lábẹ́ ibòji, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ ni mò ń rí, róbótó róbótó yí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí ká, bí òwú aláǹtakùn. Ó pọ̀ jù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti lórí búùtù. Ibi ìfọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mò ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Fóòmù tí wọ́n bá fi fọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣáájú mi náà ni wọ́n máa ń fi fọ tèmi, omi inú korobá á sì ti dúdú kí ó tó kàn mí. Mo ti pinnu pé ilé ni n ó ti máa fọ̀ ọ́ fúnra mi.

Kí ni kí n rà? Ọṣẹ wo, aṣọ wo? Ṣé àwọn ìlà tó ti wà lára rẹ̀ yìí ṣeé pa rẹ́? Ẹnìkan ní Àgọ́dì-Gate ní òun á gbé máṣíìnì tí wọ́n fi ń pa pólíìṣì lé gbogbo ara ọkọ̀ náà, pé láàárín wákàtí kan ó ti tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Bọ́hóòlù la ní nílé, kò sí rọ́bà omi, ọyẹ́ sì ti ń mú.

BàbáṢadé
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó yín ṣòfò. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ ni mo ti ń bu Omo sínú korobá, tí mò ń gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, tí mo sì ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù ún gbẹ. Sienna mi funfun ni. Ẹ wá wò ó lónìí, ẹ ò ní rí ìlà kan lára rẹ̀. Àìfọ ọkọ̀ ló ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Apẹ́ńtàMushin
Ẹ̀gbọ́n BàbáṢadé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀dà funfun máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀ ni. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ gbé e sún mọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lára ọkọ̀ yẹn fún àbúrò wa. Primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló wà lórí irin. Lórí primer ni wọ́n kun àwọ̀ fúnra rẹ̀ sí. Lórí àwọ̀ ni ohun tí àwa ń pè ní clear wà, kò ní àwọ̀, òun gan-an ló ń dán. Ìlà tí ẹ ń rí, inú clear ló wà, kò tíì dé ara àwọ̀. Clear tí ilé iṣẹ́ kùn kì í sábà nípọn ju microns 40 sí 60 lọ, bẹ́ẹ̀ microns 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ yẹn ní láti fi dán títí ayé rẹ̀ nìyẹn. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé máṣíìnì àti compound (ohun ìpara tó ń gé ojú ọ̀dà) lé e, ó ń bù nínú rẹ̀ lọ ni, kì í sì í hù padà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ má tíì dá ẹni Àgọ́dì-Gate yẹn lóhùn. Ẹni tó bá sọ pé òun á rọ́bù odindi ọkọ̀ ní wákàtí kan, kò ní fara balẹ̀ wo ibi tí clear ti tín-ín-rín.

Iyanrìn ló ń fa ìlà. Omi kì í fà á, ọṣẹ náà kì í fà á. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ní ihò, iyanrìn á wọ inú ihò yẹn, á jókòó síbẹ̀, ọwọ́ yín á sì máa tì í kiri ara ọkọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá rà, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n: ṣé ó ń gbé iyanrìn kúrò, àbí ó ń tì í kiri?

Ní ti ìlà tó ti wà ńbẹ̀, ẹ fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èékánná kò bá kọ́, pólíìṣì lè mú un kúrò. Bí ó bá kọ́, ó ti jìn jù, ẹ má fi pólíìṣì dá ara yín lágara.

Ohun kan ṣì kù. Tòkunbọ̀ ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti tún apá kan kùn kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wo etí rọ́bà gíláàsì àti inú ìgbátí ilẹ̀kùn bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ gbé e lé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí páńẹ́bítà bá ti fi pọ́tì dí ojú ibi tó tẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ọ̀dà tí a tún kùn lè rọ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ó sì lè tètè ṣí.

Àbíkẹ́NíManchester
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Apẹ́ńtà. Korobá méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi ọṣẹ nínú ọ̀kan, omi lásán nínú ìkejì. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ microfiber (aṣọ tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín gan-an), èyí tó ní irun gígùn, torí iyanrìn máa ń rá sáàárín irun yẹn dípò kó dúró lójú rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ apá kan, bíi ilẹ̀kùn kan. Kí ìbọ̀wọ́ yẹn tó tún wọ inú omi ọṣẹ, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi lásán, kí ẹ fún un. Ẹ ó rí ohun tí yóò rọ̀ sí ìdí korobá, ẹnu á yà yín. Wọ́n ń ta àwo oníhò kan tó máa ń jókòó sí ìdí korobá kí iyanrìn má baà tún gòkè wá, ó dára láti ní in.

Òkè lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀: òrùlé ọkọ̀, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, apá òkè ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti báḿpà ló gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí jù. Táyà àti ríìmù ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀ ní tèmi, pẹ̀lú korobá tiwọn àti búrọ́ọ̀ṣì tiwọn. Ìbọ̀wọ́ tó bá ti kan ríìmù, kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́ láéláé.

Níbí, nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì kí omi má baà dì sí i, iyọ̀ yẹn a sì máa mú kí irin dógùn-ún, torí náà a kì í fojú fo abẹ́ ọkọ̀. Kí n tó fọwọ́ kan ara rẹ̀ rárá, mo máa ń fi ẹ̀rọ alágbára tú ìfófó ọṣẹ bò ó, kí n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó ṣàn án. N kò rí bí ènìyàn ṣe lè fọ ọkọ̀ dúdú láì ní ẹ̀rọ yẹn.

ÌyáIbejìMọ́kọ́lá
Àbíkẹ́, o ṣeun, ọmọ mi, àlàyé korobá méjì yẹn péye. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfófó yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ò ní in, ọkọ̀ wa ò sì ní torí ìyẹn bàjẹ́. Ohun tí mò ń ṣe rèé, mo sì ń lo ọkọ̀ dúdú láti ìgbà tó ti pẹ́.

Mo ra ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn sóko, ti lítà 16. Tuntun ni o, oògùn kò kan inú rẹ̀ rí. Ẹ má lo èyí tó ti gbé oògùn apako rí, nítorí ọwọ́ àti imú yín. Mo máa ń bu omi sí i pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí n pọ́ǹpù rẹ̀, kí n fín gbogbo ara ọkọ̀ láti òkè. Mo máa ń jẹ́ kó rọra ṣàn. Eruku á rọ̀, á máa wọ́ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọṣẹ tó gbẹ, mo ti fi omi lásán fín in kúrò. Ìgbà yẹn ni ìbọ̀wọ́ àti korobá méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Tí n bá bu ẹ̀kún rẹ̀ méjì, ó máa ń tó mi fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìṣàn ìkẹyìn, láì pa jẹnẹrétọ̀ láàmú láti fa omi.

Ẹ má fọ̀ ọ́ lójú oòrùn. Àárọ̀ kùtù ni, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná, ẹ dúró. Ọṣẹ tó bá gbẹ mọ́ ọn lójú oòrùn yóò fi àmì sílẹ̀, ìyẹn á wá di iṣẹ́ mìíràn.

Ní ti táyà, èmi kì í ṣe bíi ti Àbíkẹ́. Mo máa ń fi í ṣe ìkẹyìn, torí omi ò pọ̀, omi tó bá ṣẹ́kù nínú korobá ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi ṣáájú, kí aṣọ rẹ̀ ṣáà máa dá wà.

Ìnu gbẹ: ẹ bá mi gbé síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rírán etí rẹ̀ le. Tówẹ́lì microfiber ńlá ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ́ ẹ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ di igun rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ rọra fà á wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá bọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn.

AwakọÌkẹjà
Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń sinmi nílé lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo máa ń jáde, èrò tó bá bá ìdọ̀tí lára ọkọ̀ á ti ké e sí mi lórí áàpù. Eruku ọyẹ́ tó bà lé e mọ́jú, àkísà gbígbẹ ni mo fi ń gbá a kúrò lójoojúmọ́. N kò lè máa gbé korobá méjì ní aago mẹ́rin òru. Kí ni kí irú wa ṣe?

Olùkọ́Abẹ́òkúta
Awakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àkísà gbígbẹ yẹn sílẹ̀ láti òní lọ. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú eruku ọyẹ́. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún odò ńlá ti gbẹ. Quartz wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí iyanrìn fúnra rẹ̀ fi le. Nínú òṣùwọ̀n líle ti Mohs, tó lọ láti 1 dé 10, 7 ni quartz. Gíláàsì fèrèsé ò ju bíi 5.5 lọ. Clear ọkọ̀ sì rọ̀ ju gíláàsì lọ púpọ̀púpọ̀. Eruku yẹn kúnná lóòótọ́, ó sì rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ tí ẹ fà á, ó ti gé e.

Èyí tó lè ràn yín lọ́wọ́: irú ọṣẹ kan wà tí a kì í ṣàn dànù lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Ìdérí kan tàbí méjì nínú bíi lítà mẹ́jọ omi ti tó, ẹ ṣáà wo ohun tí ìgò rẹ̀ bá sọ. Ẹ ó kọ́kọ́ bu nínú omi náà sínú ìgò afínmi, ẹ ó fín ibi tí ẹ fẹ́ nù kí eruku rọ̀. Ẹ ó ki aṣọ microfiber tó pọ̀ sínú korobá. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ fa ojú kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i sí ojú mìíràn. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti dọ̀tí, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ mú òmíràn. Ẹ má dá aṣọ tó ti dọ̀tí padà sínú korobá. Fún eruku ọyẹ́ tó bà lé e lóru, ó dára gan-an. Fún ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà tí òjò ta sí i, rárá o, ìyẹn gbọ́dọ̀ rí omi púpọ̀.

Ní àárọ̀ tí kò bá sí àyè rárá, ẹ fi omi fọ gíláàsì àti dígí ẹ̀gbẹ́ nìkan kí ẹ lè ríran, kí ẹ fi eruku ara ọkọ̀ sílẹ̀ títí di alẹ́.

AwakọÌkẹjà
Ẹ ṣé, sà. Aṣọ tó pọ̀ tí a ń ká sí mẹ́rin, ìyẹn ṣeé ṣe. Mo lè kó wọn sí búùtù.

BàbáṢadé
Mo gbọ́ ti fóòmù àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló burú nínú Omo? Ó ń fọ aṣọ ọmọ, kí ló dé tí kò lè fọ irin?

Olùkọ́Abẹ́òkúta
Ẹ̀gbọ́n, kì í gé ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ oníyẹ̀ẹ̀fun ní álíkálì nínú, a ṣe é kí ó lè ya ọ̀rá kúrò lára aṣọ. Wax tí a fi bo ọkọ̀ náà wà lára ohun tó ń fọ̀ dànù. Ẹ lè fi wax pa á lónìí, tí ẹ bá fi Omo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ ti ṣófo nìyẹn, oòrùn á sì máa na clear ní tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn, tí kò bá yòrò tán nínú omi, horo rẹ̀ á máa bá aṣọ rìn. Ṣáḿpù ọkọ̀ máa ń mú ara ọkọ̀ yọ̀, ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn, kí iyanrìn tó kù lè yọ̀ kúrò. Bí ṣáḿpù ò bá sí, ẹ lo díẹ̀ nínú ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́. Òun náà ń ṣí wax, àmọ́ ó yòrò tán.

ÌyáIbejìMọ́kọ́lá
Kí ẹnikẹ́ni má fi karosíìnì sínú omi ìfọkọ̀ o, mo ti rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń ṣe é kí ọkọ̀ lè dán. Dídán yẹn kò ju ọjọ́ náà lọ, òróró tó ṣẹ́kù á máa fa eruku mọ́ra. Dísù tí wọ́n sì ń fi pa táyà àti rọ́bà ilẹ̀kùn, ṣe ló ń mú kí rọ́bà wú kó sì rọ̀. Kóòtà tó ta sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan ni mo máa ń fi karosíìnì díẹ̀ sí lára òwú pa, ojú ibẹ̀ nìkan, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo sì máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò.

AdúmáadánBódìjà
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Mo ti ra ìbọ̀wọ́, tówẹ́lì ńlá kan, aṣọ microfiber kéékèèké àti ṣáḿpù, mo ti ní korobá méjì. Mo fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ òní bí ìyá ṣe sọ. Ìṣòro méjì ló kù. Omi bọ́hóòlù wa fi àmì sílẹ̀ níbi tó gbẹ sí, òmíràn funfun, òmíràn pupa díẹ̀. Èkejì, igi máńgòrò kan wà lókè ibi tí mò ń gbé e sí, àwọn ẹyẹ ò jẹ́ kó sinmi. Níbi tí wọ́n ṣu sí lórí òrùlé ọkọ̀, mo nù ún kúrò, àmọ́ ojú ibẹ̀ kò dán mọ́.

Olùkọ́Abẹ́òkúta
Pupa yẹn, irin tó wà nínú omi ni. Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀, ó mọ́ gaara, irin náà ti yòrò sínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á di pupa, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Torí náà, ẹ pọn omi ìfọkọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Òkè rẹ̀ ni kí ẹ bù, ẹ má da ìsàlẹ̀ rú. Àmì funfun ní tiẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù ni ó sábà máa ń jẹ́, ìyẹn kì í rọ̀ sílẹ̀ mọ́jú, ẹ ṣáà tètè nu ọkọ̀ gbẹ kí omi má gbẹ fúnra rẹ̀. Tí àmì bá ti wà, ẹ po fínígà funfun àti omi dọ́gbadọ́gba, ẹ fi aṣọ rírẹ lé e fún bíi ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é. Tí òjò bá dé, ẹ gbe omi òjò pamọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti fọ páànù mọ́, kò sí omi tó dára tó o fún ìṣàn ìkẹyìn.

Ìgbẹ́ ẹyẹ burú ju omi lọ. Ó ní ásíìdì, oòrùn sì ń mú kí clear wú lábẹ́ rẹ̀. Tó bá tún tutù, clear á fún, ojú ibẹ̀ á di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìfọkọ̀. Ẹ má sì ha á nígbà tó gbẹ, torí iyanrìn àti kóró èso wà nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó kún fún omi bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi rọ̀, kí ẹ wá gbé e kúrò láì fà á. Bákan náà ni oje máńgòrò.

Apẹ́ńtàMushin
Olùkọ́ ti sọ ọ́ tán. Ojú ibi tí kò dán mọ́ yẹn, bí kò bá jìn, pólíìṣì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ igi yẹn ná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ò ní tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti pólíìṣì, torí ọ̀pọ̀ ló ń pè gbogbo ohun tó wà nínú agolo ní pólíìṣì. Compound ní ohun tó ń gé nínú, ó mú. Pólíìṣì náà ń gé, ṣùgbọ́n ó kúnná. Wax kì í gé, bíbò ló ń bò. Bí ẹ bá fi wax pa ọkọ̀ tó ní ìlà, ìlà á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, á kàn fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ ki ọwọ́ sínú ọ̀rá náílọ̀nù tín-ín-rín, ẹ fi pa ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń ṣe kíríkírí lábẹ́ ọwọ́, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ clear tí omi ò lè gbé. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà fún ìyẹn, clay bar ni wọ́n ń pè é. Ẹ fín omi ọṣẹ sójú ibẹ̀ kó yọ̀, ẹ máa ti amọ̀ yẹn lọ síwá sẹ́yìn láì tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pò ó kí ojú tó mọ́ lè jáde. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kó wọ́n tó.

Lẹ́yìn náà ni pólíìṣì, èyí tó kúnná jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, níbi kan tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó. Ẹ wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Bó bá tó, ẹ má gbé èyí tó mú jù ú lọ. Èmi máṣíìnì tó ń yí lójú kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ó yá.

Àbíkẹ́NíManchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á níyànjú pé kí ó lo irú máṣíìnì yẹn. Ó yá lọ́wọ́ yín torí iṣẹ́ yín ni. Ojú kan ló ń yí sí, ó ń gbóná, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti igun ilẹ̀kùn ni clear ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ ló máa ń jó. Tó bá fẹ́ lo máṣíìnì, kí ó lo èyí tí wọ́n ń pè ní dual action, tó ń yí tó tún ń mì. Kì í tètè gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè lò ó. Kí ó sì fi téèpù bo gbogbo etí àti rọ́bà.

Apẹ́ńtàMushin
Òótọ́ lo sọ, àbúrò, n kò ní kó lo tèmi. Ọwọ́ lásán pàápàá lè dín ìlà wẹ́wẹ́ kù, kò kàn ní mú un kúrò tán. Àbùkù tí mo rí nínú ti ọwọ́ ni pé àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kí a má pa á róbótó, pé yíyí ló ń fa ìlà róbótó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà wà níbi gbogbo, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kó dà bí ẹni pé ó yí ká. Fífà á ní tààrà dára, torí ìlà tó bá ṣẹlẹ̀ ò ní tètè hàn, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ní iyanrìn, tààrà náà á gé e.

Ẹ má sì fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ó ń gé díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ìwọ̀n tí ó ń gé.

PeugeotÒṣogbo
Ẹ kú ìjókòó. Mo fẹ́ ṣàtúnṣe díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Apẹ́ńtà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní clear. Mo ní Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Ọ̀dà àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, àwọ̀ àti dídán wà pa pọ̀ nínú ọ̀dà kan náà. Bí mo bá fi pólíìṣì pa á, aṣọ mi á pupa. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ti ba ọkọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tí oòrùn ti pa lójú ló ń ṣí kúrò, èyí tó yè ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Bíi ti clear náà ni, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún pàápàá pọ̀ fún tèmi. Wax ni mo máa ń pa léraléra, èyí tó ní carnauba nínú, láti ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil.

Apẹ́ńtàMushin
Bàbá, ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ lára Corolla ti àbúrò wa yìí ní tiẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, clear ti tán níbẹ̀ tàbí kí wọ́n ti tún un kùn láì fi clear sí i.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ kùn, kí ó má fi wax pa á fún oṣù kan ó kéré tán, oṣù méjì sí mẹ́ta ló dára jù fún iṣẹ́ tí a fi afẹ́fẹ́ gbẹ láì ní yàrá ìgbóná. Tínà ṣì ń jáde lára rẹ̀. Omi àti ṣáḿpù ti tó. Kí ẹ má sì gbé ẹ̀rọ omi alágbára sún mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo ti rí ibi tí omi ti ṣí ọ̀dà níbi tó ti ní ojú kékeré.

AdúmáadánBódìjà
Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì kiri lánàá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn apá òsì ò gbà á dáadáa, ó sì ní ọ̀dà lára rọ́bà rẹ̀. N ó yọ ilẹ̀kùn yẹn sẹ́yìn nínú ti máṣíìnì. Èékánná ò kọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pólíìṣì tó kúnná. Nípa àwọn aṣọ microfiber, báwo ni mo ṣe ń fọ̀ wọ́n? Ṣé mo lè kó wọn pọ̀ mọ́ aṣọ ilé?

ÌyáIbejìMọ́kọ́lá
Rárá, má kó wọn pọ̀. Aṣọ òwú máa ń bọ́ irun sí wọn lára, wọn ò ní fa omi mọ́. Ọṣẹ olómi díẹ̀ ni kí o fi fọ̀ wọ́n, má fi òórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, má fi hípò sí i, má sì lọ̀ wọ́n. Sá wọn síbi tí eruku ò dé, kì í ṣe lórí koríko. Mo máa ń fi ike ońdèérí kó tèmi pamọ́, ti ara ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti táyà lọ́tọ̀.

AwakọÌkẹjà
Ọ̀kan kù tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ. Ẹni tó ń bo ọkọ̀ ní alẹ́ nítorí ọyẹ́ ńkọ́? Aládùúgbò mi kan ra ìbora ọkọ̀ torí àwọn ẹyẹ.

Apẹ́ńtàMushin
Bí ọkọ̀ bá mọ́, tí ìbora náà ní aṣọ rírọ̀ nínú, tó sì wà ní gáréèjì tí afẹ́fẹ́ ò dé, ó dára. Bí ọkọ̀ bá ti ní eruku lára kí a tó bò ó, tó sì wà níta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa gbọn ìbora yẹn mọ́jú, á máa lọ eruku mọ́ clear, pàápàá ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti igun búùtù. Ẹ sọ fún un kí ó wo ibẹ̀ dáadáa lójú oòrùn. Fún ti àwọn ẹyẹ, kí ó wá ibi tí kò sí igi, tàbí kí ó ta tapólì sókè lórí òpó, tí kò ní kan ọkọ̀ rárá.